Ilé Orí Láìnì Tí Wọ́n Fi Ta Ìyàwó Lọ́rẹ

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Stone Mountain níbí, ẹ mọ̀ pé nǹkan kì í tètè ya èmi Bridget lẹ́nu. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà nílùú Atlanta. Mo ti rí ọmọ tó ń jà sí àga bàbá rẹ̀ nígbà tí bàbá ṣì jókòó lórí àga ọ̀hún. Ìgbéyàwó mẹ́sàn-án ni mo sì ti ṣe alárinà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sí èyí tó tú ká. Ṣùgbọ́n ti Dáramọ́lá àti Ṣèyífúnmi yìí, háà! Ẹnu mi là sílẹ̀, kò sì tíì padé tán. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kí àwọn aláròká má baà bá mi bù ún lé.

Dáramọ́lá ni ọmọ kan ṣoṣo tí Deaconess Evelyn Akíntóyè bí. Deaconess yìí ló ni agency tí mo ń bá ṣiṣẹ́, àwa la máa ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Ó tún ní ilé mẹ́jọ ní Tucker, tí wọ́n kọ́ sí láìnì kan, ògiri kan ni ilé méjì-méjì ń pín. Àwa òṣìṣẹ́ rẹ̀ là ń gbé ibẹ̀, nọ́mbà mẹ́ta sì ni tèmi. Dáramọ́lá ló ń bá ìyá rẹ̀ mójú tó àwọn ilé náà. Bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́, òun ni. Bí kọ́kọ́rọ́ bá há, òun náà ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó ga, ó níwà, kò sì tíì láya. Ìyá rẹ̀ ti gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà títí ó fi rù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù October, a jáde ìsìn, à ń jẹ ìrẹsì nínú gbọ̀ngàn, ni ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti tábìlì dé tábìlì pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́. Ṣèyífúnmi lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni, kò tíì ju ọdún méjì lọ tó dé, PhD ló wá ṣe. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, irú ilé wo lẹ gbé? Ta ló ni ín?"

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe pé ìjọba ló rán ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Dáramọ́lá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi pé kò tún gbé ṣíbí náà mọ́.

"Iṣẹ́ ìwádìí wo lẹ ń ṣe gan-an?" ló bi í.

"Ilé àwọn òṣìṣẹ́. Láyé Ọbabìnrin Victoria, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ́lé fún àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ilé bíríkì, láìnì lẹ́yìn láìnì, wọ́n fara kanra. Nígbà mìíràn, ẹnu ẹ̀rọ omi kan ni gbogbo láìnì ń pín."

"Ìyẹn náà dáa. Wọ́n ṣáà rílé gbé."

Ṣèyífúnmi wò ó lójú. "Wọ́n rílé gbé, sà. Títí di ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn."

"Ẹ má pè mí ní sà mọ́," ni gbogbo ohun tí Dáramọ́lá gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkùnrin!

Nígbà tí Dáramọ́lá gbọ́ pé irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Atlanta níbí, lápá ìlà-oòrùn ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ òwú àtijọ́ kan, ó ní òun máa fi mọ́tò gbé e lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló wá sílé mi, ó sì fi wákàtí kan gbáko ròyìn ilé onípákó fún mi. Èmi tí mo ti ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá! Ó ní Ṣèyífúnmi fi ilé tó tóbi jù han òun, èyí tó wà lórí láìnì, ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ó ní ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n kọ́ irú láìnì bẹ́ẹ̀ sí, ọ̀gá tó ń ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa ń fi sí ilé orí láìnì, kí ó lè máa rí ẹni tó jáde àti ẹni tó wọlé láti ojú fèrèsé.

"Ẹ mọ ohun tó wá sọ, Aunty? Ó ní òun máa ń ronú nípa ìyàwó ọ̀gá yẹn. Ó ní, ta ni yóò bá obìnrin náà ṣọ̀rẹ́ ní láìnì yẹn?"

"Kí lo wá sọ?"

"N kò rí nǹkan kan sọ. Mo kàn ń wò ó." Ó dorí kodò. "Aunty, oorun ti dá lójú mi. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Bí mo ṣe di alárinà nìyẹn. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, n kì í sì í fi ìwádìí ṣeré. Mo wádìí ilé méjèèjì dénú. Ṣé wèrè wà ńbẹ̀? Kò sí. Ẹ̀wọ̀n? Kò sí. Àrùn ìdílé? Kò sí. Mo bi Ṣèyífúnmi bóyá ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ó bojú, ó ní, "Aunty, tí fóònù bá ti dún, mo máa ń gbàdúrà kó jẹ́ òun." Ó kù sọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Bàbá Ọláníyọnu, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kò bi mí nípa iṣẹ́, kò bi mí nípa ìgbàgbọ́. Lórí fóònù láti Oǹdó, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ta ló ni ilé tí ọmọkùnrin náà ń gbé?"

"Ìyá rẹ̀ ni, sà."

"Ìyá rẹ̀? Kì í ṣe ilé ilé-iṣẹ́?"

"Ilé ìyá rẹ̀ ni, sà. Òógùn ojú rẹ̀ ló fi kọ́ ọ."

Ó mí kanlẹ̀. "N kò fẹ́ kí ọmọ mi gbé ilé tí ẹlòmíì lè lé e jáde nínú rẹ̀. Ẹ má bínú."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Mo ní, ìyá wo ni yóò lé ọmọ tirẹ̀ jáde? Níkẹyìn ó ní ó dáa, kí wọ́n wá tọrọ ọmọ. Irọ́ kọ́ ni mo pa, ilé ìyá rẹ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwádìí mi, n kò wádìí ilé tí èmi fúnra mi ń sùn sí. Ẹ wo àṣìṣe àgbàlagbà!

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù May, lọ́sàn-án gangan, a pé sí pálọ̀ Deaconess fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. A gbé bàbá kalẹ̀ sórí tábìlì nínú tábúlẹ́ẹ̀tì, fìlà rẹ̀ lé téńté lórí. Dáramọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú tábúlẹ́ẹ̀tì náà, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Deaconess dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ kan tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́.

"Ìyàwó mi," ó ní, "mi ò ní fún ẹ ní wúrà. Ilé ni mo fún ẹ. Nọ́mbà kìn-ín-ní ní Tucker, ilé orí láìnì, òun ló tóbi jù nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ."

A pàtẹ́wọ́. A hó yèè. Mo rí i pé Ṣèyífúnmi kò pàtẹ́wọ́. Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, ó tún gba ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe PhD lórí ilé, ẹ gbé ìwé ilé fún un, ẹ rò pé kò ní kà á?

Ó kà á. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó rọra ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, kí ni èyí? Wọ́n ní òṣìṣẹ́ agency nìkan ló lè gbé láìnì yìí. Bí iṣẹ́ bá parí, nítorí ohun yòówù, kó kó jáde láàárín ọjọ́ méje."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Dáramọ́lá ń ṣiṣẹ́ fún mi, kì í ṣe tìẹ nìyẹn."

"Wọ́n tún ní ẹni tó bá wà ní nọ́mbà kìn-ín-ní ni yóò máa sọ fún yín bí àlejò bá sùn sí èyíkéyìí nínú ilé méje yòókù."

Deaconess kò tijú rárá, ìyẹn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ó ní, "Ta ni kò mọ̀ pé onílé níbí kò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Èmi ń gbà wọ́n. Mo mú wọn wá, mo fún wọn níṣẹ́, mo fún wọn nílé lọ́jọ́ kan náà. Ṣé mo wá burú? Gbogbo wọn ló buwọ́ lù ú. Ẹ bi Bridget!"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ̀yin ará, mo wá ilẹ̀ kó lanu kó gbé mi mì. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni mo buwọ́ lùwé náà, mo sì gbàgbé rẹ̀ pátápátá, nítorí n kò ṣàìsàn rí, n kò sì pa iṣẹ́ jẹ rí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Mo buwọ́ lù ú."

Mo wo tábúlẹ́ẹ̀tì. Ojú rẹ̀ ti ṣú dúdú. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bàbá ló pa á.

Ṣèyífúnmi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo fa Dáramọ́lá lọ sí apartment Ṣèyífúnmi. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí n tó jókòó, Ṣèyífúnmi ti ṣí ìwé kékeré rẹ̀.

"Aunty, lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀ níbi tó ti ń gbé aláìsàn, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ilé mẹ́jọ ni, wọ́n fara kanra. Kò dárúkọ onílé fún mi, ó ní òun kò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Nígbà tí ọjọ́ méje pé, ọmọkùnrin kan wá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn. Ó ní ó ń súfèé bó ṣe ń ṣe é."

Nọ́mbà márùn-ún! "Salimat ni," mo pariwo. Èmi fúnra mi ni mo bá Salimat gbé ìkòkò rẹ̀ sínú mọ́tò. Mo sọ fún un pé Ọlọ́run á ṣe é, mo padà wálé, mo jẹun, mo sùn.

A gbọ́ ohùn Dáramọ́lá, ó rí wínníwínní. "Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà. Mummy ní kí n lọ ṣe é, mo lọ ṣe é. N kò rántí pé mo ń súfèé."

Hẹ̀n! Ṣèyífúnmi fọwọ́ bo ẹnu, ó ń wò ó bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wọlé. Omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Dáramọ́lá. Ìdí tó fi ń dùn mí nìyẹn. Tí kò bá ṣe pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, màá kàn kọ ọ́ sínú ìwé ni. N kò lè jókòó sójú fèrèsé yẹn. Máa lọ. Jọ̀ọ́, máa lọ."

Mo fa Dáramọ́lá lápá, a jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Dáramọ́lá rù. Ó ní kí ìyá rẹ̀ yọ gbólóhùn ọjọ́ méje kúrò nínú ìwé náà, ìyá rẹ̀ ní, "Ṣé ìwọ lo bá mi kọ́ ọ?" Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó gba yàrá kan ní McDonough, ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí. Ìlú kan náà ni Salimat ń gbé báyìí. Dáramọ́lá ní kí n mú òun lọ bá a.

Salimat ṣílẹ̀kùn. Kí ó tó kí wa, Dáramọ́lá ti dọ̀bálẹ̀ sórí simẹ́ǹtì. Ó ní, "Èmi ni mo pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ yín. Ẹ dákun, ẹ forí jì mí."

Salimat na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ dìde, bọ̀dá. Mo ti forí jì yín tipẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀ mí."

A padà sínú mọ́tò mi. Kí n tó tan iná sí i, Dáramọ́lá ti gbé fóònù, ó ń pe Oǹdó! Kò gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Mo gbọ́ tó ní, "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Obìnrin kan wà tí wọ́n lé jáde nílé ìyá mi. Èmi ni mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn."

Mo gbá a lẹ́sẹ̀. Ta ló ń bá àna sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ní ìlú wo? Mo rò pé bàbá tún ti pa fóònù.

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà," bàbá bẹ̀rẹ̀. "Bàbá mi ń gégi fún kọ́ńpìnnì òyìnbó kan nínú igbó. Láìnì àwọn òṣìṣẹ́ là ń gbé. Igi wó lù ú, ó kú. Ọjọ́ kẹrin tí a sin ín ni akọ̀wé kọ́ńpìnnì wá, ó kó ẹrù wa síta, ó ti ìlẹ̀kùn. Ìyá mi ṣì wà nínú aṣọ ọ̀fọ̀. N kò sọ ọ́ fún Ṣèyí rí. Ó ń wá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kiri ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò mọ̀ pé inú ilé wa ló wà."

Mo ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sínú báàgì.

"Mo dàgbà, mo kàwé, mo di ọ̀gá ilé-ìwé," ó ní, "mo sì ń retí akọ̀wé yẹn. Mo ní ọjọ́ kan, yóò wá sọ fún wa pé, èmi ni mo ṣe é. Kò wá. Kò sẹ́ni tó wá rí. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Dáramọ́lá ń sunkún. Bàbá ní, "Fetí sílẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí à ń pè ní ẹrù ìyàwó? Iṣu, oyin, iyọ̀, obì, ẹ máa gbé gbogbo ìyẹn lọ. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo máa gbà lórí ọmọ mi. Ìwé ilé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kí ìyá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà sórí ọjọ́ méje yẹn, kó sì buwọ́ lù ú. Bí n kò bá rí i, kò sí ìyàwó."

Ẹ gbà mí! Mo ti jíṣẹ́ ẹrù ìyàwó tó ní màlúù nínú, mo ti jíṣẹ́ èyí tó ní fíríìjì nínú. N kò gbọ́ irú èyí rí.

Mo pe Ṣèyífúnmi, mo sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún un. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé fóònù kúrò létí. Ó pe bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó pe Dáramọ́lá, ó ní, "Èmi náà máa dúró de ìwé yẹn pẹ̀lú rẹ. N kò ní fẹ́ ẹlòmíì, n kò sì ní fẹ́ ọ láìsí i." Ó tún wá kù sọ́rùn èmi alárinà.

Mo jíṣẹ́ bàbá fún Deaconess, ó lé mi jáde ní ọ́fíìsì rẹ̀. "Ọkùnrin kan tí n kò fojú rí rí yóò jókòó sí Oǹdó, yóò máa tún ìwé ilé mi kọ! Bridget, ṣé o ti gbàgbé ilé tí o ń gbé?"

Mo ní, "N kò gbàgbé, ma. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbàgbé rẹ̀, mi ò tún ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Dáramọ́lá ńkọ́?"

"Yóò padà wálé. Ebi á lé e wá."

Ebi kò lé e wá. June lọ, July lọ, August lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Deaconess á gbé báàgì rẹ̀ sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹlòmíì má baà jókòó síbẹ̀. Èmi náà ti ń di ẹrù mi díẹ̀díẹ̀, mo ń retí ọjọ́ méje tèmi.

Lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù September, ọjọ́ ìsinmi mi ni, mo ń ro ẹ̀fọ́ lórí iná, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Mo lọ ṣí i. Deaconess ló dúró síta. Ẹ̀yin ará, obìnrin yìí kò kanlẹ̀kùn mi rí. Láti ọdún mọ́kànlá, kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ló fi ń ṣí i, màá kàn rí i nínú pálọ̀ mi ni.

"Bridget," ó ní, "ṣé mo lè wọlé?"

Mo kàn yẹ̀ fún un. Ó jókòó nílé ìdáná mi, ó gbé fáìlì tí ìwé ilé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì.

"Mo lọ sí McDonough lánàá," ó ní. "Onílé Dáramọ́lá ní kí n dúró síta, kí òun kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ rí mi. Mo dúró síta, Bridget. Èmi! Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ọmọ tí mo bí, n kò mọ̀ bóyá wọ́n máa ní kí n wọlé." Ó nu ojú. "Bá mi wá bírò."

Mo fún un ní bírò. Ó fa ìlà sórí ọjọ́ méje nínú ìkíní, ó buwọ́ lù ú. Ó fa ìlà sí ìkejì. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ta ló wà níbí nígbà yẹn?"

"Salimat ni, ma."

Ó fa ìlà náà nígbà méjì. Nígbà tó ṣe mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tán, ó ní kí n pe Oǹdó. Bàbá gbé e.

"Bàbá Ṣèyí," Deaconess ní, "ìyá Dáramọ́lá ni, sà. Ẹrù ìyàwó yín pé."

"Ẹ kà á sí mi létí, ma."

Ó kà á. Ẹ̀fọ́ mi jó, n kò dìde. Ó ka ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láti òkè délẹ̀, bàbá kò sì dá a dúró, kò sọ pé ó tó. Nígbà tó ka èyí tó kẹ́yìn tán, a gbọ́ tí bàbá fa imú.

"Ẹ ṣeun, ma," ó ní. "Ẹ wá mú ìyàwó yín."